Kọ̀ǹtúróólà Abẹ́ Ìjókòó Gàfárù

Ẹ má ṣe dé ṣọ́ọ̀bù Ìsíátù Abórìṣàdé ní Ṣógúnlé kí ẹ wá bi í pé níbo ni ọ̀gá tó ń tún sìkútà ṣe wà. Ẹni tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀, orí bẹ́ǹṣì ni yóò jókòó sí títí Ìsíátù yóò fi tún ti gbogbo èèyàn ṣe tán kó tó kan tirẹ̀. Ọdún méjìdínlógún lobìnrin yìí fi bójú tó ẹ̀rọ ìránṣọ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Nígbà tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ń ta òkìrìkà. Òun ní òun ò lè tajà, ẹnu òun ò dùn tó. Òótọ́ ló sọ o, ẹnu Ìsíátù ò dùn rárá. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, yóò sọ fún yín bóyá ara rẹ̀ yá tàbí ibà ti ń mú un. Ọwọ́ yìí ló gbé e dé ìdí sìkútà oníná, àwọn tí wọ́n ń ṣáájì bíi fóònù, tí wọn kì í mu epo.

Gàfárù, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ wá bá a. Àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti mú Gàfárù láti ọmọ ọdún méjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbé e. Ẹ̀yìn Ìsíátù ló ń wà lọ sílé ìwé títí tó fi di ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí àwọn ọmọ kíláàsì ń fi í ṣẹ̀sín pé ọmọ tí wọ́n ṣì ń pọ̀n ń ka ìwé ńlá. Láti ìgbà náà ló ti kórìíra kí ẹnikẹ́ni gbé òun. Ó ti lé lógójì ọdún báyìí, ó ní ìyàwó, ó bí Diamond, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ akọ̀wé ẹnu géètì ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ìsọlọ̀, níbi tó ti ń kọ nọ́ńbà àwọn tírélà tó ń wọlé tó ń jáde. Aago méjì ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Sìkútà oníná ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀, láìsí pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Gàfárù láyé yìí tó kí ó máa dá lọ kó máa dá bọ̀.

Òjò kan ló kó bá a. Omi wọ inú kọ̀ǹtúróólà sìkútà náà, sìkútà sì kú fin-ín sójú ọ̀nà. Kọ̀ǹtúróólà ni àpótí irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín bátìrì àti ẹ̀rọ tó ń yí táyà ẹ̀yìn. Òun ló ń wọn iná: tí Gàfárù bá rọra yí ọwọ́, á rọra fún táyà níná, tí ó bá yí i gan-an, á tú u sílẹ̀. Nígbà tí Ìsíátù tú u palẹ̀, inú rẹ̀ ti hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́.

Ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá gba ọ̀dọ̀ Alameen lọ, ẹni tó ń ta pààtì sìkútà ní Òṣòdì. Ojú Alameen ti wà lára Gàfárù kí wọ́n tó kí ara wọn tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo èyí," ó gbé ọ̀kan kalẹ̀, ó fẹ̀ bíi bíbélì. "Ọgọ́ta áńpíà! Tí ẹ bá fi sí i, fífò ló máa fò. I swear."

Ojú Gàfárù ń dán. Ìsíátù ò tiẹ̀ fọwọ́ kan án.

"Fò lọ síbo? Ṣé ẹyẹ ni mo ní kí o fún mi ni? Wáyà ńlá méjì péré ló jáde látinú ẹ̀rọ tiwa. Ti oníwáyà mẹ́ta lo gbé lé mi lọ́wọ́ yìí, kò lè bá tiwa ṣiṣẹ́ láéláé. Bátìrì wa, fóòtì méjìdínláàádọ́ta ni. Fún mi ní ti fóòtì méjìdínláàádọ́ta, oníwáyà méjì, ọgbọ̀n áńpíà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tó nípọn."

"Ẹ̀gbọ́n mi," Gàfárù ní, "ṣé ọgọ́ta ò dáa ju ọgbọ̀n lọ ni?"

"Iná tó bá ju agbára ẹ̀rọ rẹ lọ, sísun ló máa sun ún. Kì í ṣe ìrẹsì, tí a ó ní kí wọ́n bu sí i."

Alameen rẹ́rìn-ín, ó lọ mú èyí tó fẹ́ wá. Ìsíátù gbé e yẹ̀ wò sọ́tùn-ún sósì, ó ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi ìka yẹ gbogbo ẹnu wáyà wò kó tó gbà á. Nílé, ó fi nọ́ọ̀tì de ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ irin sìkútà lábẹ́ ìjókòó, kí irin lè máa fa ooru kúrò lára rẹ̀. Ó dojú ẹnu wáyà kọ ilẹ̀, kí omi má bàa rí ọ̀nà ṣàn wọlé, ó fi gọ́ọ̀mù dí ẹnu ihò, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀ gbayawu fún atẹ́gùn. Ọ̀tá méjì ni kọ̀ǹtúróólà ní, omi àti ooru. Ará Èkó mọ omi dáadáa, nítorí pé omi ti ká gbogbo wa mọ́lé rí. Ooru ni wọn kì í kà sí.

Ohun kan ló kù tí kò ṣe. Kọ́kọ́rọ́ sìkútà náà, àwọn wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jí kọ̀ǹtúróólà àti iná ẹ̀yìn nìkan ló ń pa. Kò kan wáyà ńlá tó ti ara bátìrì wá. Tí inú kọ̀ǹtúróólà bá jóná tí ó sì lẹ̀ pọ̀, iná bátìrì yóò máa lọ tààrà sára ẹ̀rọ, táyà yóò sì máa sá lọ bó ṣe wù ú. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ títí ọ̀la, kò ní gbọ́. Fíúùsì náà ò ní já, torí pé iná tí ẹ̀rọ ń jẹ kò ju èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ lọ. Bíréékà ni wọ́n ń fi sójú wáyà ńlá náà, níbi tí ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún lè tó, kó lè gé iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ìsíátù ti ra bíréékà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Wẹ́dà tó máa jó irin tí wọn yóò gbé e kọ́ ló lọ sìnkú ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Ìsíátù sì sọ fún ara rẹ̀ pé tó bá dé, òun ó ṣe é. Wẹ́dà dé, Ìsíátù tún ní Sátidé. Sátidé kọjá. Kò sọ ọ̀rọ̀ yìí fún Gàfárù rárá, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ṣú dẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ gbé e lọ, oòrùn wá mú bí ẹni ń gbẹ̀san. Aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Títí, ìyàwó Gàfárù, yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Títí jẹ́. Ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n wọn wà nínú ọ̀rá láti ọdún tí wọ́n ti rà á. Àga wọn ṣì wọ ọ̀rá tó bá wọn dé láti ṣọ́ọ̀bù, tí ẹ bá jókòó lé e nínú ooru, á fà yín lẹ́sẹ̀ mọ́ra. Kí ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ kọ́kọ́ wo rìmóòtù tiyín.

"Àǹtí mi, ẹ kú ọ̀sán o," ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ bá mi dúpẹ́. Òjò ò rí kọ̀ǹtúróólà wa gbéṣe mọ́."

"Báwo?"

"Mo ti bá yín wé e láàárọ̀ yìí, nígbà tí òjò ṣú. Láílọ́ọ̀nù tó nípọn yẹn, ìlọ́po mẹ́ta! Mo wá fi sẹ́lótéèpù dì í pa. Kòkòrò ò lè wọ̀ ọ́. Bàbá Diamond ń wẹ̀ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ mọ̀. Mo fẹ́ kó kàn rí i lọ́jọ́ kan ni."

Ọwọ́ Ìsíátù dúró lórí iṣẹ́ tó ń ṣe. Ó bojú wo oòrùn níta, ó bojú wo Títí.

"Ṣé ó ti lọ síbi iṣẹ́?"

"Aago kan géérégé. Àǹtí, kí ló dé?"

Ìsíátù ti gbé fóònù sétí. Ó ń dún, ó ń dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Gàfárù kì í gbé fóònù lójú ọ̀nà, Ìsíátù fúnra rẹ̀ ló mú un búra pé kò gbọ́dọ̀ gbé e. Ó tún pè. Kò sí ìdáhùn. Ló bá fa kọ́tà tó fi ń gé wáyà yọ lára ògiri, ó já sìkútà oníbàárà kan kúrò lẹ́nu ṣáájì, sìkútà ẹlẹ́sẹ̀ méjì ti òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú kan tó máa wá gbé e nírọ̀lẹ́. Oníǹkan ò gbọ́, ẹ̀yin náà ẹ má sọ fún un.

"Gùn ún! Jókòó sẹ́yìn mi!"

Títí ò bèèrè ọ̀rọ̀ méjì. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gun ẹ̀yìn.

Wọ́n já sí Airport Road, Ìsíátù gba àárín àwọn mọ́tò kọjá láì wo ẹni tó ń bú u. Ó ń ṣírò nínú ọkàn rẹ̀. Ooru kọ̀ǹtúróólà ò ní ibi tó máa gbà jáde. Ọ̀rá ìlọ́po mẹ́ta, oòrùn lórí, ìjókòó lórí ẹ̀, Gàfárù lórí ìjókòó. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ó lè mú un dé ibi iṣẹ́. Àmọ́ lẹ́yìn Àjàó Estate, kí ó tó já sí Òsólò Way, ọ̀nà máa ń gòkè díẹ̀, níbẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ti fa iná jù. Òsólò Way sì rèé, ọ̀nà àwọn tírélà tó ń lọ sí Ìsọlọ̀, tí wọn kì í dúró fún ẹnikẹ́ni.

"Àǹtí mi," Títí ń pariwo sí i létí nínú afẹ́fẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe?"

"Ooru! O dì í mọ́ ooru! Tó bá jóná, sìkútà ò ní dúró mọ́!"

"Kò ní búrẹ́ẹ̀kì ni?"

"Ó ní! Kò ní lè dá a dúró, ó kàn máa dín in kù ni!"

Ó yẹ kó fi kún un pé ohun kan wà tó lè dá a dúró, pé ohun náà wà nínú dúrọ́ọ̀ òun. Kò sọ ọ́. Ó pa ẹnu mọ́, ó yí ọwọ́ sìkútà dé òpin, ìtìjú sì ń gbóná lára rẹ̀ ju oòrùn lọ.

Wọ́n wọ Àjàó Estate. Títí ló kọ́kọ́ rí i. "Fìlà rẹ̀ nìyẹn! Bàbá Diamond! Bàbá Diamond o!" Gàfárù wà níwájú, nǹkan bí ilé mẹ́wàá sí wọn, ó ń rọra gun òkè kékeré náà lọ jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò ní gbèsè. Ìsíátù fọn hóònù, ó fọn títí. Gàfárù wo dígí ẹ̀gbẹ́, ó rí ìyàwó rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí sìkútà kan ṣoṣo, wọ́n ń ju ọwọ́, ìró ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Kí ni ẹ̀yin ìbá rò? Ó rò pé nǹkan ti ṣe Diamond nílé ìwé. Ó yí ọwọ́ sìkútà gan-an, ó fẹ́ yára dórí òkè kó lè rí ibi yí padà.

Ibẹ̀ ni inú kọ̀ǹtúróólà ti jóná lẹ̀ pọ̀.

Kò dún. Sìkútà kàn fò síwájú lójijì ni, orí Gàfárù sì dà sẹ́yìn. Ìsíátù rí i tó tú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, sìkútà ń lọ. Ó rí i tó fa búrẹ́ẹ̀kì, táyà ń ké, sìkútà ń lọ. Ó rí i tó yí kọ́kọ́rọ́, iná ẹ̀yìn kú, sìkútà ṣì ń lọ. Òórùn ọ̀rá tó ń jó ti dé imú wọn.

"Kò dúró o!" Gàfárù kígbe. "Mo ti pa á, kò dúró!"

Láti orí òkè yẹn, ẹ ti ń rí orí àwọn tírélà tó ń kọjá ní Òsólò Way. Ìsíátù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lápá òsì, ilẹ̀ gbalasa kan wà tí àwọn kan ti ń yọ búlọ́ọ̀kù, ilẹ̀ tí mọ́tò ti tẹ̀ pa. Ó sá eré bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àbúrò rẹ̀.

"Yà síbí! Òsì! Fa búrẹ́ẹ̀kì mọ́ra, má tú u sílẹ̀! Máa yí po níbẹ̀, máa yí po!"

Gàfárù yà. Àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù fọ́n ká, ọ̀kan ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Gàfárù ń yí ilẹ̀ náà po, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì le gbagidi lórí ìdarí. Búrẹ́ẹ̀kì ti fà á wálẹ̀ dé ìwọ̀n eré ènìyàn, ṣùgbọ́n èéfín ti ń jáde lára búrẹ́ẹ̀kì náà; tó bá ti gbóná jù, kò ní mú mọ́. Bí ó bá sì yí po jù, táyà kan á gbéra nílẹ̀, kò sì sí ẹsẹ̀ tí Gàfárù lè fi ta ilẹ̀ gbá ara rẹ̀ mú. Ìsíátù ju sìkútà oníbàárà sílẹ̀, ó sáré.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìjókòó, ọ̀rá tó ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó kígbe, ó jábọ́ sẹ́yìn. Sìkútà kọjá, ó tún ń bọ̀ ní yípo. Títí ló sáré jáde látẹ̀yìn. Ó di irin ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn mú, ó fi gígísẹ̀ méjèèjì há ilẹ̀, sìkútà ń wọ́ ọ, bàtà rẹ̀ kan já, kò jọ̀wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ gé e! Ẹ gé e!"

Ìsíátù tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ọwọ́ tó jóná náà ni. Ojú rẹ̀ ò rí nǹkan, ìka ló fi ń wá a. Tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe òun. Tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn. Ó kan èyí tó sanra, ó fi ẹnu kọ́tà há a, ó fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Iná kọ yẹ̀rì. Sìkútà sì dúró.

Gàfárù ṣì fa búrẹ́ẹ̀kì mọ́ra, ó dà bí ẹni pé ọwọ́ rẹ̀ ò mọ̀ pé ó ti parí. Lẹ́yìn náà ló bèèrè, ohùn rẹ̀ wálẹ̀: "Diamond ńkọ́?"

"Diamond wà nílé ìwé, nǹkan kan ò ṣe é," Títí ní, ó sì kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀. "Bàbá Diamond, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo fi láílọ́ọ̀nù wé kọ̀ǹtúróólà yẹn. Kí omi má bàa wọ̀ ọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé ó ń fẹ́ atẹ́gùn. Mi ò mọ̀ rárá."

Gàfárù tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí ìjókòó, ó wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá ti yọ́ sára irin, ó ń kán tó, tó, tó. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ojú Gàfárù ti le, ẹ̀yin ẹ mọ ojú ọkùnrin tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún ènìyàn.

Ìsíátù ìbá dákẹ́. Ẹ jẹ́ ká má tan ara wa: ẹjọ́ ti rí ẹni tó máa rù ú, ẹni náà ti kúnlẹ̀, kò sí ẹlẹ́rìí kan láyé yìí tó mọ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀ Ìsíátù. Ó wo ẹsẹ̀ Títí tó bó, tí ẹ̀jẹ̀ ti dà pọ̀ mọ́ erùpẹ̀ lára rẹ̀. Kò lè dákẹ́.

"Gàfárù, má bú u. Ọ̀rá ló ba nǹkan jẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bíréékà wà tí mo yẹ kí n ti fi sí i, èyí tí wàá kàn fọwọ́ gbá, iná á já. Mo ti rà á. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé tí kọ̀ǹtúróólà bá jóná, kọ́kọ́rọ́ ò ní pa á. Mo mọ̀, mo sì jẹ́ kí o máa gùn ún lọ, kí o máa gùn ún bọ̀."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mi ò fẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ lójú ọ̀nà."

Gàfárù tú ọwọ́ búrẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ wàyí. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ìbínú tó wà lójú rẹ̀ ti lọ, ohun tó rọ́pò rẹ̀ ló dun Ìsíátù jù.

"Ẹ̀yin mọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, ẹ ò sọ. Títí mọ ohun tó ṣe sí i, kò sọ. Èmi tí mo jókòó lé e lórí, èmi nìkan ni mi ò mọ nǹkan kan."

Ìsíátù ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò múra de èyí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, obìnrin tí ẹnikẹ́ni ò rí omijé rẹ̀ rí ní Ṣógúnlé, ó sunkún lójú àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù, ọwọ́ rẹ̀ ń ta á, kò sì bo ojú rẹ̀.

Gàfárù jẹ́ kó sunkún tó. Ó yọ fóònù nínú àpò, ó wo aago.

"Ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n ló kù," ó ní. "Táyà ń yí fàlàlà báyìí. Ẹ tì mí lọ síbi iṣẹ́. Bí ẹ bá sì ti ń tì mí, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa sọ gbogbo nǹkan tó lè pa mí lára sìkútà yìí fún mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fo ìkankan."

Títí bọ́ bàtà kejì sílẹ̀. Wọ́n fi sìkútà oníbàárà sọ́wọ́ ẹni tó ní ṣọ́bìrì, àwọn méjèèjì bọ́ sẹ́yìn, wọ́n fọwọ́ ti irin. Ìsíátù fi èjìká nu ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bátìrì.